Ọ̀rẹ́ Àdúrà Mi Ló Fi Ìran Yan Iṣẹ́ Fún Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi bí mo ṣe ń kọ̀wé dá mi lẹ́jọ́. JSS 2 ni mo kàwé dé. Kò mọ́ mi lára kí n máa kọ ọ̀rọ̀ gígùn, tí mo bá fẹ́ fèsì lórí WhatsApp, "ok ma" àti "thank you sir" ni tèmi sábà máa ń jẹ́. Tí ẹ bá dé ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti wọ́, ẹ bá mi tún un ṣe lọ́kàn yín. Admin, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn lórí page yìí, mi ò kọ nǹkan kan sábẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni rí, ojú máa ń tì mí. Ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú mi báyìí, mi ò rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún mọ́... torí ẹni tí mo máa ń sọ gbogbo nǹkan fún gan-an ló ṣe é fún mi.

Ilé-iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Ṣàngó-Ọ̀tà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àwa la máa ń kó o sínú páálí. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n màmá mi ni mò ń gbé ní Joju. Ìwó ni màmá mi wà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ nípa mi ni pé nǹkan tó ń wù mí pọ̀ jù. Mo mọ irun dì. Mo mọ aṣọ rán díẹ̀, mo kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n màmá mi yẹn. Tí rédíò tàbí fóònù bá bàjẹ́ nílé, èmi ni mo máa ń tú u wò, nígbà mìíràn ó máa ń dìde, nígbà mìíràn mo máa sọ pé bó ṣe wà ni mo bá a. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọdé lórin. Màmá mi máa ń sọ pé ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo, pé tèmi tilẹ̀ kọjá méjì, pé odindi agbo eku ni mò ń lé kiri oko. Ẹ̀rín ló máa ń fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń dùn mí, torí mo mọ̀ pé òótọ́ ni.

Tí ẹ bá mọ àdúgbò wa, ẹ ó mọ̀ pé ṣọ́ọ̀ṣì ni lápá ọ̀tún, yunifásítì ni lápá òsì, ilé-iṣẹ́ ló wà láàárín. Àwọn ọmọ ènìyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá kàwé lọ́dọ̀ wa, àwa tí a ń gbé ibẹ̀ ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń wọlé. Ìjọ wa wà ní Ojú Ore. Ní ìjọ wa, wọ́n bẹ̀rẹ̀ kíláàsì kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ ní gbogbo Sátidé, nínú gbọ̀ngàn àwọn ọmọdé. Mo lọ torí mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀wé lórí kọ̀ǹpútà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àṣé ẹni tó ń kọ́ wa, Bọ̀ọ̀dá Fẹ́mi, cybersecurity ni iṣẹ́ tó ń ṣe ní Èkó. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún wa, mi ò jẹun nígbà tí mo délé, mo kàn ń rò ó ṣáá.

Ó ní kí á fojú inú wo ilé-iṣẹ́ ńlá kan, bí àwọn tó wà ní Ṣàngó yìí. Ó ní ẹnì kan wà tó máa ń jókòó sí géètì, tó ń wo ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde, bó bá ti rí ohun tí kò jọ ti àná, á kígbe. Ó ní ẹnì kan wà tí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ máa pè pé, wá, gbìyànjú gbogbo ilẹ̀kùn mi, gun ògiri mi, kí o sọ ibi tí olè lè gbà wọlé fún mi kí olè tó mọ ibẹ̀. Ó ní ẹnì kan wà tó jẹ́ pé ìgbà tí olè bá ti lọ ni wọ́n ń pè é kó wá tọ ipasẹ̀. Ẹnì kan sì wà tó jẹ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ ló ń kọ́, pé ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lára ilẹ̀kùn, ẹ má ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí ẹ ò mọ̀. Ó ní orí kọ̀ǹpútà ni géètì yẹn wà, orí kọ̀ǹpútà ni ilẹ̀kùn wà, ṣùgbọ́n bákan náà ni. Ó ní ọ̀nà ni gbogbo rẹ̀, ẹnì kan ò lè rìn ín tán, kí oníkálukú yan ọ̀kan.

Gbogbo ẹ̀ ló wù mí. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò purọ́. Tó bá sọ̀rọ̀ nípa géètì, mo máa fẹ́ jókòó sí géètì. Tó bá sọ̀rọ̀ ipasẹ̀, mo máa rántí bí mo ṣe fẹ́ràn láti máa wá ohun tó sọnù nílé. Tó bá sọ̀rọ̀ kíkọ́ ènìyàn, mo máa rántí àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ lórin. Mo sọ fún Ìyá Múbàrákà tí a jọ ń dúró síbi tí a ti ń di páálí, pé iṣẹ́ mímú olè orí kọ̀ǹpútà ni mò ń kọ́. Ó ní, "Ìwọ tí o kì í lè gba ṣéńjì ẹ lọ́wọ́ kọ́ńdọ́, ìwọ lo fẹ́ mú olè? Olè náà ló máa kó ẹ lọ." Gbogbo wọn fi mí ṣẹ̀sín títí a fi ṣíwọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí Ìyá Múbàrákà ò mọ̀ ni pé kọ̀ǹpútà kì í wo ènìyàn lójú. Ọjọ́ kan tí Bọ̀ọ̀dá ṣí ìtajà kan tí wọ́n ṣe fún ìdánrawò fún wa lórí kọ̀ǹpútà, tó ní kí á wá ibi tí a lè gbà wọlé, mo gbìyànjú títí, nígbà tó sì ṣí, mo rẹ́rìn-ín sókè débi pé gbogbo kíláàsì yíjú sí mi... èmi tí mi kì í lè béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ènìyàn. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé nínú gbogbo eku tí mò ń lé, èyí ni mo fẹ́ mú. Iṣẹ́ ilẹ̀kùn la máa ń pè é ní kíláàsì.

Nígbà tó yá, Bọ̀ọ̀dá Fẹ́mi sọ pé ilé-iṣẹ́ kan ní Èkó máa mú ènìyàn méjì nínú wa láti wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, ọ̀kan fún géètì, ọ̀kan fún ilẹ̀kùn. Ó ní àwọn wọ̀nyẹn ò béèrè ìwé ẹ̀rí, ìdánwò nìkan ni. Ẹ ronú sí i... wọn ò béèrè ìwé ẹ̀rí. Mélòó nínú irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ ló ń wá bá ẹni tó kàwé dé JSS 2? Àwọn tó yan géètì pọ̀. Àwa méjì péré la yan ilẹ̀kùn, èmi àti Rónkẹ́. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Rónkẹ́, orúkọ rẹ̀ kọ́ nìyẹn.

Rónkẹ́ ni prayer partner mi. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará ìjọ bíi tiwa, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ìjọ máa ń so ènìyàn méjì méjì pọ̀, ẹ ó máa pe ara yín lórí fóònù kí ilẹ̀ tó mọ́, ìwọ á sọ kókó àdúrà rẹ, òun náà á sọ tirẹ̀, ẹ ó wá gbà á pọ̀. Wọ́n sọ fún wa pé ohun tí o bá fi pamọ́ fún ẹnìkejì rẹ, àdúrà ò ní dé ibẹ̀. Nítorí náà mi ò fi nǹkan kan pamọ́. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo lè bá sọ̀rọ̀ láì wo ilẹ̀. Ó parí sẹ́kọ́ńdìrì, ó ti ṣe JAMB títí ó fi sú u, ẹnu géètì yunifásítì ló ti ń bá ọ̀gá kan ṣe fọ́tòkọ́pì. Òun náà sọ fún mi pé ilẹ̀kùn ló wu òun. A jọ fi ṣe ẹ̀rín pé ẹni tí Ọlọ́run bá mú nínú wa, kí ìkejì gbé báàgì rẹ̀ tẹ̀ lé e.

Nígbà kan tí a ń gbààwẹ̀ pọ̀, mo sọ ohun tí mi ò sọ fún ẹnì kankan ní Ọ̀tà rí fún un. Bàbá mi ló ń ṣọ́ sítọ́ọ̀ ilé-iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn. Kákí ni wọ́n máa ń wọ̀, ìdì kọ́kọ́rọ́ máa ń wà ní ìbàdí wọn, a máa ń gbọ́ ìró rẹ̀ kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà. Ẹrù sọnù ní sítọ́ọ̀, ẹnikẹ́ni ò fọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n ní ta ló ní kọ́kọ́rọ́? Wọ́n ti bàbá mi mọ́lé. Nígbà tí wọn ò rí nǹkan kan lọ́wọ́ wọn, wọ́n tú wọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tú orúkọ wọn sílẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pè mí ní ọmọ Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́. Bàbá mi ò pẹ́ láyé mọ́ lẹ́yìn ẹ̀. Ohun tó gbé màmá mi padà sí Ìwó nìyẹn, òun ló yọ mí ní ilé-ìwé, òun ló gbé mi dé Joju. Mo sọ fún Rónkẹ́ pé iṣẹ́ ilẹ̀kùn yìí ń wù mí, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ẹ̀rù máa ń bà mí, pé tí ẹni tó mọ̀ wá bá gbọ́, á ní ẹ ò rí i, ohun tí bàbá ṣe lọmọ ń kọ́. Rónkẹ́ sunkún pẹ̀lú mi. Ó ní bàbá mi ò jalè, pé Ọlọ́run máa fi iṣẹ́ yìí fọ orúkọ wọn mọ́. Mo gbà á gbọ́...

Ní ìsìn Ọjọ́rú kan, Màmá Wòlíì dìde. Àgbàlagbà ni Màmá, gbogbo ìjọ ló bọ̀wọ̀ fún wọn, tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ kò sẹ́ni tó ń yí ọ̀rọ̀ wọn padà. Wọ́n ní arábìnrin kan wà nínú ilé yìí. Wọ́n ní àwọn rí ọkùnrin kan tó wọ kákí, ìdì kọ́kọ́rọ́ wà ní ìbàdí rẹ̀, ó ń na kọ́kọ́rọ́ náà sí ọmọ rẹ̀ obìnrin. Wọ́n ní, "Ọmọ, má gbà á. Iṣẹ́ ilẹ̀kùn tí o fẹ́ ṣe yẹn, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n ti mú bàbá rẹ. Má jẹ́ kí ó di ogún." Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ gbọ́. Ta ló lè sọ kákí fún wọn? Ta ló lè sọ kọ́kọ́rọ́ fún wọn? Ọlọ́run nìkan ni. Bí mo ṣe dé iwájú pẹpẹ mi ò mọ̀. Ẹ̀gbẹ́ mi ni Rónkẹ́ kúnlẹ̀ sí, ó di ọwọ́ mi mú, òun náà ń sunkún.

Mo pe màmá mi, mo sọ fún wọn. Wọ́n gbààwẹ̀ sí i. Wọ́n ní Ọlọ́run ò gbàgbé àwa, pé ó ti fi ojú bàbá mi hàn mí kí n má bàa ṣìnà. Nígbà tó di Sátidé, mo sọ fún Bọ̀ọ̀dá Fẹ́mi pé mi ò ṣe ilẹ̀kùn mọ́, pé kí ó fi orúkọ mi sábẹ́ àwọn tó ń kọ́ ènìyàn. Ó ní ṣé ó le jù ni? Mo ní rárá. Ó ní kí ló wá dé? Ilẹ̀ ni mò ń wò. Ó ní kò burú, iṣẹ́ gidi ni kíkọ́ ènìyàn náà, àmọ́ ilé-iṣẹ́ Èkó yẹn ò ní àyè fún un báyìí, kí n máa fi sùúrù dúró. Mo ní ẹ ṣé sà. Ó wá ku Rónkẹ́ nìkan síbi ilẹ̀kùn. Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé inú mi dùn fún un? Mo sọ ọ́ nínú àdúrà pé kí Ọlọ́run jẹ́ kó yege.

Ní Sọ́ńdè tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, Màmá Wòlíì ní kí n tẹ̀ lé wọn délé, pé fóònù wọn ò gba message mọ́. Fídíò ló kún un. Mo jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn, mò ń pa èyí tí wọ́n bá ní kí n pa. Bí a ṣe ń bá a lọ, wọ́n ní, "O ti fi iṣẹ́ ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀, àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Wọ́n ní, "Máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ o. Ọ̀rẹ́ tó dà bí Rónkẹ́ ṣọ̀wọ́n. Ibi tí o jókòó sí yìí ló kúnlẹ̀ sí, tó ń sunkún pé orí rẹ le, pé o ò ní gbọ́ tòun, àfi tó bá ti ẹnu mi jáde. Òun ló ròyìn bàbá rẹ fún mi. Éèyà, ọkùnrin yẹn jìyà."

Mi ò tíì bi àgbàlagbà ní irú ìbéèrè yẹn rí láyé mi, mi ò mọ bó ṣe jáde lẹ́nu mi. Mo ní, Màmá, ìran tí ẹ rí ńkọ́? Wọ́n wò mí láti òkè awò ojú wọn. Wọ́n ní, "Ìran wo? Tí wọ́n bá sọ fún ènìyàn pé ilé ọmọ rẹ̀ ń jó, ṣé yóò jókòó máa retí ìran kó tó pariwo ni? Ẹ̀mí ló rán an sí mi." Kò sí ẹ̀tàn lójú wọn. Wọ́n gbà pé oore ni wọ́n ṣe fún mi. Wọ́n ní kí n rí i pé mi ò pa fídíò ìsọmọlórúkọ ọmọ-ọmọ wọn o. Mo ní mi ò pa á, Màmá.

Mo rìn dé Joju, mi ò wọkọ̀. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé wọ́n ti kọ́ mi ní nǹkan yìí. Bọ̀ọ̀dá Fẹ́mi ti kọ́ wa pé olè orí kọ̀ǹpútà tó gbọ́n kì í fọ́ ilẹ̀kùn. Ó máa kọ́kọ́ tẹ́tí sí ẹ. Ó máa mọ ohun tó ń bà ẹ́ lẹ́rù. Lẹ́yìn náà ni yóò wá fi ẹnu ẹni tí o ò lè jiyàn pẹ̀lú pè ọ́, bíi báńkì, bíi ọ̀gá rẹ, yóò sọ ohun tó jẹ́ ìwọ nìkan lo mọ̀ ọ́n, kí o lè rò pé òótọ́ ni, yóò sì ní kí o yára. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sórí. Tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, mi ò ní tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n nínú ṣọ́ọ̀ṣì, lórí orúnkún mi, pẹ̀lú kákí bàbá mi... báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?

Nígbà tí mo ṣíwọ́ ní ọjọ́ kejì, mo lọ bá Rónkẹ́ níbi fọ́tòkọ́pì. Mo fẹ́ kó sọ pé irọ́ ni. Mo fẹ́ kó bínú sí mi pé mo rò ó sí i. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀ ni pé, "Ta ló sọ fún ẹ?" Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ó ń to ìwé akẹ́kọ̀ọ́ kan, kò dá ọwọ́ dúró. Ó ní ṣé òun parọ́ mọ́ mi ni? Ṣé ẹnu mi kọ́ ni mo fi sọ pé ẹ̀rù ń bà mí? Mo ní mo sọ ọ́ fún àdúrà ni. Ó ní, "Mo sì gbàdúrà sí i." Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ wá yí padà. Ó ní, "Wò ó, ìwọ mọ irun dì, o mọ aṣọ rán, o ní iṣẹ́ níbi bisikíìtì, gbogbo nǹkan ni ọwọ́ ẹ ń bá mu. Bí wọ́n bá lé ẹ níbí, wàá yà síbòmíì. Èmi ńkọ́? Iwájú yunifásítì ni mo ti ń to ìwé ọmọ ọlọ́mọ látàárọ̀. Nǹkan kan péré ni mo ní, ohun kan ṣoṣo yìí, ìwọ náà tún fẹ́ ẹ mọ́ mẹ́ta tó wà lọ́wọ́ ẹ." Akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin kan dé, ó fẹ́ tẹ̀wé. Rónkẹ́ rẹ́rìn-ín sí i, ó bi í pé aláwọ̀ ni àbí dúdú. Mo kí i pé ó dàbọ̀, mo lọ. Mo tilẹ̀ kí i... àbí ẹ ò rí ìtìjú mi.

Láti ìgbà yẹn ni mi ò ti mọ ohun tí mo lè ṣe. Mo ń rò ó pé ṣé ìlara ni, àbí ó gbà lóòótọ́ pé mo ní púpọ̀ jù? Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí nǹkan púpọ̀ máa wu ènìyàn? Ṣé torí pé mo lè ṣe èyí, mo lè ṣe tọ̀hún, ni mi ò fi yẹ lẹ́ni tó ń fẹ́ ọ̀kan tọkàntọkàn? Mo sọ ọ́ fún màmá mi lórí fóònù, mo rò pé wọ́n máa bínú fún mi. Wọ́n ní bó tilẹ̀ jẹ́ ènìyàn ló sọ ọ́ fún Wòlíì, Ọlọ́run lè gba ẹnu ènìyàn sọ̀rọ̀, pé àwọn ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́ nínú ilé àwọn mọ́ láyé. Wọ́n ní tí mo bá máa ṣe é, kí n má sọ ọ́ fún àwọn. Mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, bàbá mi ni.

Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni ìdánwò. Bọ̀ọ̀dá Fẹ́mi sọ lórí group pé ẹni tó bá fẹ́ yí ọ̀nà tó yàn padà, kí ó sọ kó tó di ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ẹ̀ kò sí àyè mọ́. Tí mo bá padà síbi ilẹ̀kùn, èmi àti Rónkẹ́ la máa jọ du àyè kan. Ó mọ ọ̀rọ̀ bàbá mi. Tó bá sọ ọ́ ní kíláàsì ńkọ́? Tó bá sọ ọ́ fún àwọn ará Èkó yẹn, pé ẹ wo ẹni tí ẹ fẹ́ fi ilẹ̀kùn yín lé lọ́wọ́? Tí mi ò bá sì padà, tí mo dúró síbi kíkọ́ ènìyàn... ohun tó ń dà mí láàmú gan-an rè é, iṣẹ́ yẹn náà wù mí. Mi ò lè sọ pé kò wù mí. Ó ti wù mí kí Màmá tó rí ìran kankan. Ṣùgbọ́n báwo ni màá ṣe mọ̀ pé èmi ni mo yàn án, pé kì í ṣe ẹ̀rù ni wọ́n fi tì mí síbẹ̀? Ẹ̀yin tí nǹkan púpọ̀ ń wù, báwo lẹ ṣe máa ń mọ èyí tó jẹ́ tiyín? Ṣé èyí tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe jù ni? Ṣé èyí tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà yín jù ni? Ṣé kí n sọ fún pásítọ̀ pé ìran yẹn kì í ṣe ìran? Tí mo bá sọ ọ́, Màmá Wòlíì ńkọ́, tó jẹ́ pé wọn ò ní ibi lọ́kàn? Ṣé kí n dárí ji Rónkẹ́ kí n sì fi àyè náà sílẹ̀ fún un, torí òun ò ní nǹkan mìíràn? Àbí ìwà òmùgọ̀ nìyẹn? Ó ṣì ń pè mí fún àdúrà kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo ṣì ń gbé e. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ fún ènìyàn pé mi ò gbé e mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i, kí lẹ rò pé kí n ṣe?

Admin, mo parí èyí tó wà lókè yìí ní ìrọ̀lẹ́ àná, mi ò nígboyà láti fi í ránṣẹ́. Nígbà ìsinmi oúnjẹ ọ̀sán òní ni mo ń kọ èyí, fóònù Ìyá Múbàrákà ni mo fi wọlé sí page yín, inú email mi ni mo ti kọ́kọ́ kọ èyí tó wà lókè sí, kí n lè rí i lórí fóònù èyíkéyìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àárọ̀ yìí mọ́ ọn. Rónkẹ́ pè bó ṣe máa ń pè. Mo gbé e. A kọrin. Ó ní kí ni kókó àdúrà mi. Mo ní mi ò ní. Ó ní, "O ò ní kẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, pé kó mú tirẹ̀ wá. Ó mẹ́nu ba ìdánwò, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, mo sì gbà á pẹ̀lú rẹ̀ pé kó yege, mo ṣe àmín. Lẹ́yìn náà mo wẹ̀, mo jáde. Nígbà tí mo dé Ṣàngó, mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta páànù, níbi tí ariwo ò ti pọ̀, mo gba ohùn mi sílẹ̀ ránṣẹ́ sí Bọ̀ọ̀dá Fẹ́mi. Mo sọ orúkọ bàbá mi. Mo sọ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, mo sọ sítọ́ọ̀, mo sọ pé wọ́n tì wọ́n mọ́lé, mo sọ pé wọn ò jalè. Mo ní mo sọ ọ́ kí ó lè ti ẹnu mi gbọ́ ọ. Mo wá ní, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dá orúkọ mi padà síbi ilẹ̀kùn. Mi ò tún un gbà. Mo fi ránṣẹ́, mo rìn dé ilé-iṣẹ́, mo pa fóònù mi, mo fi í lé olùṣọ́ lọ́wọ́ lẹ́nu géètì bí wọ́n ṣe ní kí gbogbo àwa ọ̀dọ́ máa ṣe kí a tó wọlé, wọn kì í gba ti àwọn àgbà, mo sì lọ dúró síbi páálí mi.